Ọgbà Ọ̀ṣọ́ Olómi Díẹ̀ ní Ilẹ̀ Aṣálẹ̀

Ọgbà olómi díẹ̀ ni ọgbà tí wọ́n ti ro ti ilẹ̀, ti ewéko àti ti ọ̀nà tí omi ń gbà dé ìdí ewéko pọ̀, kó má baà máa mu omi tí kò sí. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ ló ti wúlò jù, níbi tí òjò ọdún kan kì í sábà tó mìlímítà 250, tí oòrùn sì ń fa omi ju èyí tí òjò ń dá padà lọ. Ọdún 1981 ni iléeṣẹ́ omi ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, sọ irú ọgbà yìí ní Xeriscape, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wà tipẹ́ kó tó lórúkọ. Àwọn ará Nabatea tó gbé aṣálẹ̀ Negev, ní Ísírẹ́lì òde òní, láyé àtijọ́ ti ń mọ ògiri òkúta kéékèèké dí ojú àgbàrá, kí omi tó bá ṣàn láti orí òkè lè dúró mu sínú oko wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú ni pé kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ bo gbogbo àgbàlá, kí wọ́n ri cactus (ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó ń tọ́jú omi sára) méjì mọ́ àárín rẹ̀, kí wọ́n sì pè é ní ọgbà olómi díẹ̀. Òkúta a máa gba ooru mọ́ra lọ́sàn-án, a sì máa tú u sílẹ̀ lóru, ilé tó wà nítòsí á wá gbóná sí i. Koríko oníke burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: lábẹ́ oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, ojú rẹ̀ lè gbóná kọjá 65°C. Ìbòòji igi ló ń tu ibẹ̀ lára. Nítorí náà, bí omi bá kéré, igi ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i mu, kí koríko tó kàn.

Ọ̀rọ̀ koríko

Koríko tútù tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń mu omi jù nínú ọgbà. Ní Las Vegas, níbi tí òjò ọdọọdún kò ju nǹkan bíi mìlímítà 100 lọ, àjọ tó ń bójú tó omi ní gúúsù Nevada ti ń sanwó fún àwọn onílé láti ọdún 1999 kí wọ́n lè hú koríko kúrò. Ìwọ̀n tí àjọ náà ṣe fi hàn pé ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, tí wọ́n bá fi ewéko aṣálẹ̀ rọ́pò koríko rẹ̀, ń dá nǹkan bíi lítà 2,200 sí lọ́dún. Lọ́dún 2021, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé lẹ́yìn òpin ọdún 2026, wọn ò gbọdọ̀ fi omi odò Colorado bomi rin koríko tí kò wúlò ju kéèyàn máa wò ó lọ, irú èyí tó wà láàárín títì tàbí níwájú ọ́fíìsì. Òfin náà kò kan àgbàlá onílé àdáni. Kò sì sẹ́ni tó ń bá koríko ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré jà.

Ọgbọ́n tí ewéko ń dá

Ọ̀nà tí ewéko aṣálẹ̀ ń gbà fara da ọ̀gbẹlẹ̀ pọ̀. Saguaro, cactus gàgàrà inú aṣálẹ̀ Sonoran tó wà ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ní ìṣẹ́po lára láti òkè délẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ara rẹ̀ á wú, bí ilẹ̀ bá gbẹ, á sún kì. Ó lè ga ju mítà 12 lọ, ṣùgbọ́n kì í kánjú rárá. Lẹ́yìn ọdún 8, ó lè má ga ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ó sì máa ń lé ní ọdún 50 kó tó yọ apá. Òfin ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà ń dáàbò bò ó, ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò níbi kan lọ síbòmíràn gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Etí erin, agave (ewéko aṣálẹ̀ tí ewé rẹ̀ nípọn) àti cactus ń pa àwọn ihò tín-tìn-tín ara wọn dé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣí wọn lóru nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, kí oòrùn má baà fa omi ara wọn tán. Igi palo verde ní èèpo tó láwọ̀ ewé, èèpo yìí ló sì ń fi gba oúnjẹ lára oòrùn nígbà tí kò bá sí ewé lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ocotillo, igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún kan, á wọ́wé pátápátá, á wá dà bí ìdì igi ìdáná ẹlẹ́gùn-ún. Bí òjò bá rọ̀, ọjọ́ mélòó kan péré ni ewé tútù fi ń bò ó. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín má tètè hú u dànù.

Gbòǹgbò mesquite, igi aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló lókìkí jù: wọ́n ti rí i níbi ìwakùsà kan nítòsí ìlú Tucson ní Arizona, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó jìn ju mítà 50 lọ. Àmọ́ gbòǹgbò kì í lọ jìnnà láìnídìí. Mesquite tí wọ́n ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí nídìí lójoojúmọ́ kò ní wá omi lọ sísàlẹ̀. Òkè ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ á fà sí, bí ìjì bá sì jà, á wó.

Kí ewéko má bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan kò tó. Òru aṣálẹ̀ lè tutù débi pé omi á dì, àwọn ewéko bí Adenium, igi òdòdó kékeré kan, kò sì lè gba irú òtútù bẹ́ẹ̀. Oleander, igi òdòdó mìíràn, ń yọ òdòdó púpọ̀ nínú ooru, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé. Ewéko tó dára níbì kan sì lè di àjálù níbòmíràn. Prosopis juliflora, ẹbí mesquite tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ti gba pápá ìjẹko lọ́wọ́ àwọn darandaran ní agbègbè Afar ní Etiópíà. Koríko buffel, tó lọ sí Amẹ́ríkà láti Áfíríkà, ń kó iná wọ aṣálẹ̀ Sonoran, níbi tí saguaro kò ti lè fara da iná. Bí igi ìbílẹ̀ bá wà, òun ló dára jù. Ní United Arab Emirates, ghaf ni irú igi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe igi orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2008.

Ilẹ̀ àti omi

Ní ọ̀pọ̀ aṣálẹ̀, ìpele líle funfun kan máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀, tí ẹfun inú ilẹ̀ dì pọ̀ di bí òkúta. Kí wọ́n tó gbin igi, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á sì pọn omi kún un. Bí omi bá ṣì dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àfi kí wọ́n dá ìpele náà lu tàbí kí wọ́n gbin igi síbòmíràn.

Kí omi wọlẹ̀ jinlẹ̀, kó sì pẹ́ kó tó tún dé, ni ìlànà ìbomirin níbẹ̀: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 fún ewéko tó ń fà nílẹ̀, 60 fún igi kúkúrú, 90 fún igi ńlá. Ọ̀pá irin tín-ín-rín ni wọ́n fi ń wò ó. Bí wọ́n bá tì í bọ ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bomi rin, á máa wọlé wọ́ọ́rọ́ níbi tí omi dé, á sì dúró gbọn-in níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ìbomirin jíjinlẹ̀ yìí tún ń fọ iyọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ibi tí omi kì í ti wọlẹ̀ jìnnà, iyọ̀ funfun á máa yọ sójú ilẹ̀, etí ewé á sì máa jóná.

Rọ́bà tó ń kán omi ni wọ́n ń lò jù lóde òní. Bí igi ṣe ń dàgbà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa sún ibi tó ń kán sí sẹ́yìn, dé etí ìbòòji, torí gbòǹgbò tó ń mu omi kì í sí lẹ́bàá ìtì igi. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí omi ń ṣẹ́ jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní Ṣáínà láti ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Jésù.

Omi òjò pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 níbùú àti lóròó, omi tó ń bọ́ sílẹ̀ ń sún mọ́ lítà 2,500. Lọ́dún 2008, Tucson ṣòfin pé kí àwọn ilé ìṣòwò tuntun máa fi omi òjò tí wọ́n gbè ṣe ìdajì ìbomirin ọgbà wọn.

Ewéko tuntun ṣì nílò omi déédéé fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n tó máa já a lẹ́nu omi díẹ̀díẹ̀. Èèpo igi gígé tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 dára fún bíbo ìdí igi, bí kò bá ti kan ìtì. Òkúta wẹ́wẹ́ ló bá cactus mu. Ní ti Agave americana, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó, lẹ́yìn ọdún 10 sí 30, yóò sì kú lẹ́yìn náà. Omi kò lè dá ikú yẹn dúró. Àwọn ọmọ tó ti yọ sí ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń tún gbìn.