Solar heat gain: ooru tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, àti irú kọ́tìnì tó lè dá a dúró

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní solar heat gain, ẹ dúró di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sídìí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn nínú ilé yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan kọ́tìnì ibẹ̀. Ooru tẹ́ ẹ bá lára aṣọ yẹn, òun gan-an là ń sọ. Oòrùn ló gbé e wá, gíláàsì ló jẹ́ kó wọlé, inú yàrá yín ló sì máa wà di òru.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń gba inú gíláàsì kọjá wẹ́rẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tó bá wá dé inú, á bà lé táìsì, á bà lé bẹ́ẹ̀dì àti àga, gbogbo wọn á gbóná, àwọn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru jáde, ṣùgbọ́n irú ooru táwọn ń tú jáde yìí ò lè gba inú gíláàsì padà síta bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tẹ́ ẹ páàkì sínú oòrùn fi máa ń gbóná bí ààrò. Àwọn tó ń ṣe gíláàsì ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, SHGC (solar heat gain coefficient) ni wọ́n ń pè é, kì í kọjá 1. Tó bá jẹ́ 0.25, ó túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá pín ooru oòrùn tó kan gíláàsì yẹn sí mẹ́rin, ìdá kan péré ló máa wọlé. Gíláàsì lásán tí ò ní tíńtì, tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa, 0.8 ló máa ń sún mọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tóòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá lójú gbọọrọ lè kó ooru wọlé bíi ti áyọ́ọ̀nù oníná tẹ́ ẹ tàn sílẹ̀ tẹ́ ò pa.

Èmi náà ti ṣì í ṣe rí. Nígbà tí mo kó dé ilé tí mò ń gbé n'Ìbàdàn, mo ra kọ́tìnì tó nípọn dáadáa, aláwọ̀ kọfí tó dúdú, mo ní ìmọ́lẹ̀ ò ní rí ibi gbà, lóòótọ́ yàrá ṣókùnkùn ṣùgbọ́n ooru ò kúrò, torí pé aṣọ dúdú ló ń mu oòrùn yẹn tó sì ń tú u sínú yàrá. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ojú tó kọ sí gíláàsì. Kó funfun, kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà síta kó tó di ooru. Iwájú ẹ̀ lè jẹ́ àwọ̀ tó bá wù yín. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kọ́tìnì, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi láínìn funfun sẹ́yìn ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti epo sọ pé kọ́tìnì tó ní ẹ̀yìn funfun lè dín ooru yìí kù ní 33%, blind tó ń dán tẹ́ ẹ bá pa á dé pátápátá á dín in kù ní nǹkan bí 45%, ṣùgbọ́n ìbòrí tẹ́ ẹ bá ṣe síta lórí fèrèsé ìwọ̀ oòrùn lè dín in kù dé 77%.

Ẹ wo bí tìta yẹn ṣe jìnnà sí tinú. Oòrùn tí ò tíì kan gíláàsì ò tíì wọlé rárá. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, tó kọ́lé sí ìgboro Èkó mọ èyí, ilẹ̀kùn onípákó ni wọ́n ń ṣe sójú fèrèsé. Maxwell Fry àti Jane Drew tó yàwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn náà mọ̀ ọ́n, ẹ lọ wo láíbìrì Kenneth Dike, kọ̀ǹkéré oníhò ni wọ́n fi ṣíji bo ara ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé rẹ́ǹtì lè má rí kọ̀ǹkéré dà, ṣùgbọ́n ẹní tàbí ọparun tí wọ́n hun tẹ́ ẹ bá so síta fèrèsé máa ń ṣiṣẹ́ ju kọ́tìnì olówó ńlá lọ, ẹ ṣáà bá lańdílọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lu ìṣó mọ́ ògiri.

Tówó ò bá tó, ẹ fi ti ìwọ̀ oòrùn ṣáájú. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lágbedeméjì orí wa, etí òrùlé lásán ti tó láti dá a dúró, àmọ́ tàárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, á yọ́ gba abẹ́ òrùlé wọlé, tìrọ̀lẹ́ ló sì burú jù torí ara ògiri ti gbóná kó tó dé.

AC yín ló máa ń bá ooru yìí jà. AC 1.5 tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi máa ń jẹ tó yúnìtì kan ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ní April 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó iná, gbé owó yúnìtì kan fáwọn Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ríná fún ogún wákàtí lójúmọ́, kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225, wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lé ní ₦200 lọ́dún yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, tiyín yàtọ̀ nígbà òtútù: ẹ ṣí kọ́tìnì lọ́sàn-án kóòrùn wọlé, ẹ pa á dé tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má sì jẹ́ kó bo radiator. Àwa tá a wà nílé, tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ká gbogbo kọ́tìnì kúrò, ẹ ṣí fèrèsé tó bá ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, torí búlọ́ọ̀kù tó ti ń mu ooru látàárọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sínú ilé nìyẹn, ooru náà gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde.