Bí 15 Oṣù Kìn-ín-ní Ṣe Di Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun ní Nàìjíríà

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kìn-ín-ní bá ti dé ìdajì, Ààrẹ á lọ fi òdòdó lélẹ̀ l'Ábújá nítorí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Àwọn gómìnà náà á ṣe bẹ́ẹ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Wọ́n á fun fèrè, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Lẹ́yìn àwọn èèkàn ìjọba, ọ̀kan nínú àwọn opó ọmọ ogun á jáde, á gbé òdòdó tirẹ̀ náà lélẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni ọkàn mi máa ń dúró sí tí mo bá ń wo ètò náà lórí tẹlifíṣọ̀n, torí nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, òun ló mọ ohun tí ogun ń ṣe nínú ilé.

Àwọn baba ńlá wa ò nílò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ àgọ́ ogun ò tú tán títí di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko! Àgọ́ ti di ìlú: wọ́n ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń náwó, wọ́n ń nájà, wọ́n ń bímọ. Ààrẹ Látòósà tó kó Ìbàdàn lọ sógun náà kò padà wálé. Àgọ́ ló kú sí ní 1885. Ẹni tí kò bá lọ bá ogun, ogun á wá a wálé, á kó o lẹ́rú tàbí kó sọ ọ́ di ìsáǹsá ní ìlú onílùú. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta pàápàá, ogun ló tẹ̀ wọ́n dó. Ta ni wọ́n fẹ́ rán létí? Oríkì ilé ń sọ ọ́, orúkọ àdúgbò ń sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti rí ọjọ́ ìrántí tí a ń fi òdòdó ṣe. Ogun Àgbáyé Kìíní dáwọ́ dúró ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, 11 oṣù Kọkànlá 1918. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ jẹ́ẹ́ tí a ń dákẹ́ nítorí òkú ogun, Áfíríkà níbí ló ti lọ bá wọn. Ní Cape Town, láti oṣù Karùn-ún ọdún 1918, tí ìbọn àgbá ọ̀sán bá ti dún, gbogbo ìgboro á dúró, á sì dákẹ́. Percy FitzPatrick, ará South Africa tí ọmọ rẹ̀ ti kú sógun náà, ló kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n mú un lò. Ọba George Karùn-ún gbà, wọ́n sì kọ́kọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ní 11 oṣù Kọkànlá 1919.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣàkóso wa, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ wọn di tiwa. Poppy Day ni wọ́n ń pè é l'Ékòó, nítorí òdòdó pupa tí wọ́n ń fi sáyà. Àwọn tiwa náà kúkú wà nínú òkú ogun yẹn, ọmọ ogun àti alárùú tó kú ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ère Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà tí àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí wọn ni.

Ìgbà tí Ogun Hitler, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì, dé, ọ̀nà jìn sí ogun náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà (Myanmar òde òní), sínú igbó àti ẹrẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ìbọn bà á ní 1944, kò lè rìn mọ́, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló fi í pamọ́ fún oṣù bíi mẹ́sàn-án kí ọwọ́ àwọn ará Japan, tó jẹ́ ọ̀tá, má bàa tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà nílé ò gbọ́ ìró ìbọn kan. Ọjà ni wọ́n ti mọ̀ pé ogun ń jà: ìjọba l'Ékòó dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́, Àlímọ̀tù Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, sì kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun náà dé, orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ni wọ́n fi sọ bárékè. Arakan ní Àpápá, Letmauk n'Íbàdàn, Dodan n'Íkòyí: Bọ́mà ni gbogbo wọn. Àwọn èèyàn ń fi orúkọ wọ̀nyí júwe ilé fún awakọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ò sì mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí wọn. Ó ń dùn mí.

Dodan yìí náà ni ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Keje 1967. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà, apá Ìlà-Oòrùn tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà Èkó kí wọ́n tó dá wọn dúró ní Òrè. Ìyẹn ni àwọn àgbà ṣe ń sọ pé “ó le kú, ìjà Òrè.” Lẹ́yìn Òrè, rédíò ló kù tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi mọ ogun náà, àfi ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ìjà. Ẹnu ọ̀nà àwọn ará Ìlà-Oòrùn ló ti ń jà. Ebi pa ọmọdé lọ bíi rẹ́rẹ. Ní 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970, Philip Effiong, tó dípò Ojukwu gẹ́gẹ́ bí olórí Bìáfúrà, wá sí Dodan, ó sì túúbá fún Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà. Ọdún mẹ́rin géérégé ni ọjọ́ náà sí 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, tí àwọn ṣọ́jà pa Balewa, Sardauna àti Akíntọ́lá. Ìjọba wá gbé ọjọ́ ìrántí kúrò ní 11 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ tí ogun tiwa parí.

Ní tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti sin àwọn ọmọ tirẹ̀ kò yẹ kó máa fi kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àwọn ológun ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó kú ní Laiberia àti Sàró wà nínú rẹ̀, àwọn tí Boko Haram ń pa láti 2009 náà wà nínú rẹ̀. Lórí fóònù ni ọmọ ìwòyí ti ń rí ogun Borno, á wò ó fún ìṣẹ́jú kan, á sì ti í kọjá. Ìyá tí ebi pa ọmọ rẹ̀ ní 1968 kò sí nínú ètò náà rárá. 30 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí Ojukwu kéde Bìáfúrà ní 1967, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo fi ń ṣọ̀fọ̀ àwọn tiwọn. Ogun kan náà ni, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, ìjọba sì ń gbé òdòdó lélẹ̀ ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.