À ń bú òṣìṣẹ́ ìjọba, a sì ń gbàdúrà kí ọmọ wa ríṣẹ́ ìjọba: kí ló fà á?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró rí ní ọ́fíìsì káńsù láti gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó wà lórí ìlà. "Ọ̀lẹ ni gbogbo wọn." "Owó wa ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń jẹ." Bí ọmọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ bá jáde ní yunifásítì lọ́la, òun kan náà ni yóò máa wá ẹni tó mọ kọmíṣánnà kiri, kí wọ́n lè bá a fi orúkọ ọmọ náà sínú ìwé. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì dáhùn wọn bí ó ṣe yé mi.

Ìbéèrè: Ṣé ìbínú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ó ti wà tipẹ́?

Ó ti wà tipẹ́, ó sì nídìí. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn tí tálákà fi mọ̀ pé ìjọba wà kò pọ̀: agbowó-orí, akódà, wolé-wolé. Ẹ jẹ́ ká mú wolé-wolé. Yóò wọ àgbàlá, yóò ṣí amù wò, bó bá rí tanwíjí nínú omi, ó di kóòtù, ó di owó ìtanràn. Obìnrin tó fi orí ru omi náà láti odò kò rí ìjọba kankan tó bá a gbẹ́ kànga. Ẹni tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló rí. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni wolé-wolé ń sọ: tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló ń kó ibà ranni. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé gbára lé láti gbógun tì í. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn ni àwọn bàbá wa rántí. Àìsàn tí kò ṣe èèyàn, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Láàárín 1968 sí 1969, ọ̀rọ̀ náà di ogun. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Agbẹ́kọ̀yà, Táfá Adéoyè sì wà lára àwọn olórí wọn. Owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò tó nǹkan, owó orí ń ga sí i, àwọn tó ń gbà á sì ń fi tipátipá wọ abúlé. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi n'Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó orí sílẹ̀. Kí ìjà náà tó rọlẹ̀, ìjọba ní láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2, kí wọ́n sì kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu kúrò lábúlé.

Ẹ wo ẹni tí ìbínú náà kọ́kọ́ bà. Ẹni tó pàṣẹ owó orí wà nínú ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, abúlé kò mọ̀ ọ́n rí. Akódà ni wọ́n mọ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà jàre, mi ò ní sọ pé wọn ò jàre. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ìgbà náà títí di òní, ẹni tí ojú wa bá tó ni à ń bá jà.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ìgbà tí iṣẹ́ ìjọba níyì láàárín wa ni?

Ó wà, àwọn tó rí i ṣì wà láyé. Ní oṣù kìíní 1955, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni gbogbo wa máa ń dárúkọ, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà níléèwé ní 1954 jẹ́ nǹkan bí 450,000; nígbà tó fi máa di 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Àwọn kan ló jókòó tí wọ́n ṣírò iye yàrá, iye àga, iye tíṣà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yára dá lẹ́kọ̀ọ́, àti ibi tí owó yóò ti wá. Àwọn akọ̀wé ìjọba ni. Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára wọn. Òun ló wá di olórí òṣìṣẹ́ ìjọba agbègbè náà, kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962.

Inú sì bí àwọn èèyàn sí owó tí wọ́n bù lé wọn nítorí ẹ̀kọ́ yìí, débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó bínú náà fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá sí iléèwé.

Ìbéèrè: Kí ló wá bà á jẹ́?

Ohun púpọ̀ ló bà á jẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ní kí n mú ọdún kan ṣoṣo, 1975 ni màá mú.

Ní ìparí 1974, ìjọba ológun Gowon gba àbá ìgbìmọ̀ Jerome Udoji wọlé, wọ́n fi kún owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì san èyí tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó Udójì ni ìlú ń pè é. Ọjà gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni da iṣẹ́ sílẹ̀ pé àwọn náà gbọ́dọ̀ rí tiwọn gbà. Alájàpá àti àgbẹ̀ tí kò gba Udójì ń ra gaàrí ní iye tí Udójì sọ ọ́ dà. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọ́n kórìíra àwọn tó gbà á.

Ní oṣù keje 1975, Murtala Muhammed gba ìjọba. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n máa lọ sílé. Orí rédíò ni àwọn mìíràn ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ìlú pàtẹ́wọ́. Àwọn kan wà lára wọn tó yẹ kó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò ka ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀, tí wọn kò sì rí ibi tí wọ́n ti lè rojọ́. Àwọn tí wọn kò lé fojú ara wọn rí i. Títí di ìgbà náà, akọ̀wé tó bá lè sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ń fọkàn balẹ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun, àti pé owó ìfẹ̀yìntì ń dúró de òun. Lẹ́yìn 1975, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tí kò bá tètè kó tiẹ̀ jọ, òfo ló máa bá relé. A fi ìdùnnú ba ohun tó ń mú kí wọ́n lè jẹ́ olóòótọ́ jẹ́, a sì ń bínú pé wọn kì í ṣe olóòótọ́ mọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ń gba ẹ̀gúnjẹ. Ṣé ẹ fẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀ ni?

Rárá o. Ẹni tó bá ti lọ béèrè ìwé ilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fáìlì rẹ̀ yóò máa kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn, tábìlì kọ̀ọ̀kan yóò sì buwọ́ lù ú. Níbi tí kò bá ti sí ọjọ́ tí wọ́n dá pé fáìlì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹni tó jókòó nídìí tábìlì náà ló di olówó orí àkókò yín. Ọ̀gá ò sí nílé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó bá yá, á rọra sọ pé, "Ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ yín." Olè nìyẹn, kò ní orúkọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ibi tí owó ńlá ń gbà jáde. Ayédèrú òṣìṣẹ́, àwọn tó jẹ́ orúkọ lásán nínú ìwé owó oṣù, kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kékeré lè dá nìkan ṣe; ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé náà. Iṣẹ́ títì tí wọ́n sanwó rẹ̀ tán tí títì kò sí, ọ̀dọ̀ olóṣèlú àti kọngílá ló wà. A kì í bú àwọn wọ̀nyẹn lórí ìlà, torí a kì í bá wọn pàdé lórí ìlà.

Ìbéèrè: Kì í wá ṣe owó wa ni wọ́n ń jẹ?

Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, nígbà tí wọ́n bá rí i gbà. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó débi pé ìjọba àpapọ̀ ní láti yá wọn lówó. L'Ọ́ṣun, àwọn tó wà ní ìpele 7 sísàlẹ̀ ń gba owó wọn pé, àwọn tó wà ní ìpele 12 sókè ń gba ìdajì, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di 2018. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gba ìdajì owó oṣù kò rí ọkọ̀ tó gba ìdajì owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin di ₦70,000 ní 2024, àpò ìrẹsì kan sì ń tà ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ọdún náà tó parí.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n wá ń ṣe gan-an tí àwa ò rí?

Ìbéèrè yìí ló wù mí jù láti dáhùn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó pẹ̀lú àrùn Ebola. Dókítà Stella Adádevoh ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ló kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jáde, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. A mọ orúkọ rẹ̀, kí a má sì gbàgbé rẹ̀ láé. Lẹ́yìn tirẹ̀, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba, tí àwọn kan lára wọn ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà tẹ́lẹ̀, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ aláìsàn kan sílẹ̀: nǹkan bí èèyàn 890. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wọn fún ọjọ́ 21, wọ́n ń béèrè bí ara ṣe rí, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá ara gbóná. Bí wọ́n ṣe lọ láti ilé dé ilé lé ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 18,000. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú tó kún tó Èkó! Ẹ ronú sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ní Òṣòdì ká ní àwọn òṣìṣẹ́ yìí ní kí àwọn èèyàn padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ náà nítòsí, ẹ súnmọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé kúlà àjẹsára kiri àdúgbò. Igò àjẹsára tó wà nínú kúlà náà ní àmì kékeré kan lára: òbìrìkítí tó pọ́n bí àlùkò, tí igun mẹ́rin tó funfun wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ti ń mú àjẹsára náà, igun mẹ́rin yẹn yóò máa dúdú díẹ̀díẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bá ti òbìrìkítí dọ́gba, àjẹsára ti bàjẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó. Obìnrin náà yóò gbé igò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò wò ó, yóò kán ẹ̀kán méjì sí ọmọ lẹ́nu, yóò fi yíǹkì sí ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilé, ó di ilé kejì. Àwọn kan ń lé wọn, àwọn kan ń bú wọn pé òyìnbó ló rán wọn níṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé ogúnlọ́gọ̀ ọdún iṣẹ́ yìí ti lé ojúlówó kòkòrò àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò yín.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí àwọn tó ń bú wọn fi ń wá iṣẹ́ náà fún ọmọ wọn?

Nítorí pé ẹni tó ń bú u àti ẹni tó ń wá a ń wo ohun kan náà: oúnjẹ. Ẹni tó ń bú u gbà pé wọ́n ń jẹ ẹ́ láìpe òun. Ẹni tó ń wá a fẹ́ kí ọmọ tòun náà bù níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọ náà lè ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí bóyá ó ní sùúrù láti kọ́ ọmọ márùndínlọ́gọ́ta nínú yàrá kan. Èyí dùn mí ju ẹ̀gúnjẹ lọ, torí ọwọ́ wa ló wà. Ọmọ tí wọ́n fi lẹ́tà kọmíṣánnà gbà síṣẹ́, kọmíṣánnà ni yóò máa sìn.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe tí wọ́n bá ní kí n padà wá lọ́la?

Ẹ má bú ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ má sì san nǹkan kan tí kò ní rìsíìtì. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu sítáǹpù ọjọ́ náà lé èkejì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú, kí ẹ sì mú un lọ sílé. Mo ti rí i bí ohùn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń yí padà tí èèyàn bá fi pẹ̀lẹ́tù ní kó lu sítáǹpù. Ìwé tó ní ọjọ́ lára kò ṣeé fi pa mọ́. Ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ẹ̀ka SERVICOM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004 láti gbọ́ ẹjọ́ irú èyí. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ni ẹ fẹ́ rí, bíi iye tí wọ́n ná sórí ilé ìwòsàn àdúgbò yín, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Bí nọ́ọ̀sì, tíṣà tàbí akọ̀wé kan bá sì ṣe tiyín dáadáa, ẹ kọ lẹ́tà ìyìn sí ọ̀gá rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ náà nínú rẹ̀, kí ó lè wọ inú fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.