Ètò ibùgbé fún àwọn tí àjálù sọ di aláìnílé ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ètò ibùgbé lẹ́yìn àjálù ni ìpèsè tí ìjọba àti ará ìlú ń ṣe kí ẹni tí ìjì, omíyalé tàbí àgbàrá lé kúrò nílé lè rí ibi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó sì padà sábẹ́ òrùlé tirẹ̀ láìpẹ́. Ní Èkìtì, ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ìjì ló sábà máa ń fa ìṣòro yìí. Omi odò Ajílósùn máa ń ya wọ ilé ní Adó-Èkìtì, àgbàrá sì ń da àwọn tó kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láàmú ní ìlú bí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Ìjì àkọ́rọ̀

Ìjì tó ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò, ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, kì í sábà wó ilé látòkè délẹ̀. Abẹ́ etí òrùlé ló ń gbà wọlé, á fẹ́ páànù sókè, á sì fa ìṣó yọ lára igi, pàápàá níbi tí igi bá ti jẹrà tàbí tí wọn ò so ó mọ́ ògiri. Ògiri a ṣì dúró. Ṣùgbọ́n òjò yóò máa rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá, yàtọ̀ sí ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Bí ilé náà bá jẹ́ alámọ̀, irú èyí tó ṣì wà ní àdúgbò àtijọ́, òjò díẹ̀ ti tó láti mú ògiri rọ̀ kó sì wó. Páànù tó bá dé lọ́sẹ̀ kan náà ń gba ilé là. Èyí tó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwókù ló máa bá. Tapólì tí wọ́n so dáadáa lè bo ògiri títí káfíńtà yóò fi dé. Ó sàn púpọ̀ kí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì ti ní páànù, ìṣó àti tapólì nípamọ́ kí oṣù Kejì tó parí ju kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ̀wé béèrè owó nígbà tí ìjì bá ti jà tán.

Ẹni tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọ̀wé

Ọ̀pọ̀ ẹni tí àjálù lé nílé kì í lọ sí ibùdó kankan. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, àna tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wọ̀ sí. Nígbà tí akọ̀wé tó ń kọ orúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́ bá dé iwájú ilé tó bàjẹ́, onílé nìkan ló máa bá níbẹ̀. Ayálégbé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Opó tó ń gbé ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ lè má ní ìwé kankan lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó wá láti ìlú mìíràn, tó ń gbé abúlé oko, lè máà sí ẹni tó rántí rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé ló yẹ kí wọ́n kà, kì í ṣe ẹni tó ni ín nìkan. Bí wọ́n bá ka orúkọ náà sókè lọ́jà tàbí níwájú ààfin, ará àdúgbò á sọ ẹni tí wọ́n fò àti ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Bí owó ìjọba bá sì tún ilé ẹnì kan ṣe, ó tọ́ kí onílé fọwọ́ sí ìwé pé ayálégbé rẹ̀ yóò padà sí yàrá rẹ̀ ní iye tó ń san tẹ́lẹ̀, fún àkókò tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lé.

Àdéhùn Kampala ti Ìṣọ̀kan Áfíríkà (2009), tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ka àwọn tí àjálù lé kúrò nílé mọ́ ẹni tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò láìṣe ojúsàájú. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tẹ́wọ́ gbà á.

Ibùdó onígbà díẹ̀

Ilé ìwé ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń tẹ̀ lé káàkiri ayé, ní kí ẹnì kan ní ó kéré tán mítà onígun mẹ́rin 3.5 lábẹ́ òrùlé. Kíláàsì tó gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 7, kò gbọdọ̀ gbà ju ènìyàn 16 lọ. Lítà omi 15 ló tọ́ sí ẹnì kan lójúmọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ dá dúró, kó ní iná, kó sì ṣeé tì látinú.

Ilẹ̀

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n nínú ìlú, ọba àti àwọn olórí ẹbí ṣì ni ará ìlú ń lọ bá. Láìsí ohùn wọn, ilẹ̀ tí ìjọba bá yàn kí àwọn tó ń gbé etí odò lè kó lọ síbẹ̀ lè di ẹjọ́. Bí ìpàdé pẹ̀lú ọba àti àwọn olórí ẹbí lórí ilẹ̀ yìí bá sì di ìgbà tí omi ti gbé ilé lọ, àwọn tó yẹ kó ṣí kúrò á ti tún ilé kọ́ sí etí odò kan náà.