Ṣé Ká Yọ Eyín Ọgbọ́n Ọmọ Yìí àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ń múra ìdánwò WAEC. Eyín kankan kò dùn ún. Ìyá rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀: ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà ti yọ eyín ọgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àbúrò náà sì ti kìlọ̀ fún un lórí WhatsApp pé kó má jẹ́ kí ti ọmọ tirẹ̀ pẹ́. "Dókítà, ẹ bá mi yọ wọ́n pa pọ̀ kí n lè sinmi."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí eyín náà ṣe."

Eyín ọgbọ́n ni eyín tó ń hù gbẹ̀yìn, ní ìparí àgbọ̀n, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ọjọ́ orí 17 sí 25 ni ó sábà máa ń hù. Ọgbọ́n kò kàn án. Mo mọ àwọn ọlọ́gbọ́n tí kò ní ẹyọ kan. Àyè ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí àyè kò bá tó, eyín náà lè dùbúlẹ̀ sínú egungun kó forí ti èyí tó wà níwájú rẹ̀, tàbí kó yọ orí díẹ̀, kí ẹran ìdí eyín sì bo ìyókù bíi fìlà. Abẹ́ fìlà yẹn ni mo ń bá ẹran àná àti iyán ìjẹta. Búrọ́ọ̀ṣì kì í dé ibẹ̀, pákò kì í dé ibẹ̀. Bó bá wú, ọmọ ò ní lè la ẹnu dáadáa, ẹnu á máa rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ki.

Àwọn oníṣègùn gan-an kò fohùn ṣọ̀kan. Lọ́dún 2000, NICE, àjọ tó ń gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba yé yọ eyín ọgbọ́n tí àrùn kò sí lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń yọ ọ́ fún ọ̀dọ́ kí wàhálà tó dé. Àwọn tó kó ìwádìí jọ fún Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò káàkiri ayé, ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti dá ẹnikẹ́ni láre lórí eyín tó há ṣùgbọ́n tí kò ní àrùn. Nítorí náà, àbúrò tó wà ní Houston kò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í yọ eyín tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tí àwọn ara Amẹ́ríkà rò. Ní ọdún 17 sí 20, gbòǹgbò eyín kò tíì gùn tán, egungun ṣì rọ̀, ojú egbò sì ń tètè san. Ẹni ọdún 35 tó wá yọ irú eyín kan náà máa ń jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni mo ṣe ń ní kí wọ́n ya ẹ́síréè tó máa fi gbogbo àgbọ̀n hàn, kódà bí eyín kò bá tíì dun ọmọ, ká lè mọ ibi tó dorí kọ.

Àwọn ìyá àgbà a máa sọ pé eyín òkè so mọ́ ojú, pé bí wọ́n bá yọ ọ́, ojú á fọ́. Wọ́n ń pè é ní eyín ojú. Iṣan tí ojú fi ń ríran kò gba ìdí eyín kankan kọjá. Ìsàlẹ̀ ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù wà: iṣan kan gba inú egungun àgbọ̀n kọjá nítòsí gbòǹgbò eyín ọgbọ́n, òun ló ń jẹ́ ká mọ nǹkan ní ètè ìsàlẹ̀. Bí a bá kàn án, ètè lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù. Fún àwọn díẹ̀, kì í padà mọ́. Mo máa ń sọ èyí fún òbí kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ nítorí àtiṣe eyín iwájú lẹ́wà. Eyín iwájú máa ń wọ́ lẹ́nu ẹni tí kò ní eyín ọgbọ́n rárá pàápàá.

Ọmọ yẹn lọ sílé pẹ̀lú eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́síréè fi hàn pé ti ìsàlẹ̀ lósì tẹ̀ síwájú, mo sì ní kí wọ́n padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọn ò padà. Oṣù 11 lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti wú. Wọ́n ti fi òwú tó rẹ sínú ògógóró há ibẹ̀, wọ́n ti ra kápúsù ní kẹ́míìsì. Kápúsù lè dín wíwú kù, kò lè gbé eyín dìde níbi tó sùn sí. (Bí ó bá wú dé abẹ́ àgbọ̀n, tí ọmọ ò lè gbé itọ́ mì tàbí tí mímí ń ni ín lára, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lóru yẹn.)

Wíwú lẹ́ẹ̀kan péré kì í mú mi gbé irin. A máa fọ ibẹ̀, ọmọ á máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu, a ó máa wò ó. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́síréè tuntun, ẹ̀yìn eyín tó wà níwájú rẹ̀ ti ń jẹrà níbi tí méjèèjì ti pàdé. Eyín tó wúlò nìyẹn, òun ló fi ń jẹ ẹran. N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Ìgbà tí wíwú lọ ni mo gún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ má mọ ìrora, mo sì yọ ẹyọ kan náà. Ó jẹ ògì tó ti tutù, kò fi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan, nítorí fífà lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú egbò. Bí ìrora bá tún le sí i ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ló tú, kí aláìsàn padà wá.

Ìyá rẹ̀ wò mí. "Mo sọ fún yín, Dókítà." Òótọ́ ni, ó sọ. Ó ti pé ọdún méjì báyìí, mẹ́ta tó kù ṣì wà níbẹ̀, méjì ti hù dáadáa.