Bí fídíò ṣe ń fa aláìsàn ọpọlọ wọ ọjà

Àwọn àgbà gbà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láyé ijọ́un, bí orí ẹnì kan bá ti ń dàrú nílé kan ní Ìjẹ̀bú Òde tàbí Ìsarà, ẹbí á sáré tilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà dójú ọjà. Àwọn dókítà ò gba ìyẹn gbọ́: ẹni tó wọ ọjà, tó bọ́ra síhòòhò, ṣì lè lo oògùn kára ẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ojú ayé wà nínú ọ̀rọ̀ àgbà yẹn pẹ̀lú. Ẹni tí gbogbo ìlú bá ti rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa fẹ́ ẹ, ta ló máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀? Ní báyìí, ọjà ti wà nínú àpò gbogbo ẹni tó ní fóònù.

Ká mú àbísínwín. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ló ń mú, nǹkan bí ẹnì kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún tó bá bímọ, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sígbà tí wọ́n bí ọmọ. Obìnrin náà lè má sùn fún òru méjì, mẹ́ta. Á máa sọ̀rọ̀ ràì. Á ní ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kọ́ lòun bí, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ á lọ gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Kó tó padà dé, ìyàwó ti já síta, ó ti dé gáréèjì ní Ṣàgámù, láìwọ bàtà, omi ọyàn ti rin aṣọ ẹ̀ láyà. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò, omi ọyàn yẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹni tó yọ fóònù láti ká a sílẹ̀, wèrè tó ń jó ló rí.

Fídíò náà lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lórí TikTok tàbí Facebook, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi han ìwọ̀nba èèyàn, á sì máa ṣọ́ wọn: ṣé wọ́n wò ó tán, ṣé wọ́n tún un wò, ṣé wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀, ṣé wọ́n fi ránṣẹ́? Bó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, á gbé e fún ẹlòmíì àti ẹlòmíì. Ọ̀nà tí àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Òjúde Ọba gbà kárí ayé lóṣù kẹfà ọdún 2024 náà nìyẹn. Ẹ̀rọ ò sì mọ̀yàtọ̀ àánú àti ẹ̀rín. Ẹni tó kọ “Olúwa, ṣàánú fún un” ti tì í síwájú bíi ti ẹni tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Owó tún wà ńbẹ̀: ọdún 2024 yẹn náà ni Facebook ṣínà fún àwọn tó ń ṣe fídíò ní Nàìjíríà láti máa pín nínú owó ìpolówó.

Abẹ́ fídíò lọ̀rọ̀ ti ń le. Ẹnì kan á ní ọmọ yahoo ló lò ó. Òmíì á ní ta ló ní kó bá Ìjẹ̀bú ṣeré. Ẹ̀fẹ̀ oògùn Ìjẹ̀bú ti pẹ́, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú gan-an ń fi ara wọn dá a. Àmọ́ bí ẹbí aláìsàn bá kà á níbẹ̀, ó lè di ìdájọ́ tó máa gbé wọn kiri ilé aláàfáà àti orí òkè àdúrà kí wọ́n tó rántí ilé ìwòsàn. Èyí tó burú jù ni “kì í ṣe wèrè, gbọ́mọgbọ́mọ ló ń díbọ́n.” Wọ́n ti torí irú ọ̀rọ̀ yìí lu aláìsàn pa ní Nàìjíríà.

Òdìkejì ẹ̀ ni ti àwọn tó sọ orúkọ àìsàn di ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó fẹ́ràn kí yàrá mọ́ á ní òun ní OCD, àìsàn tí èrò kan náà kì í fi í kúrò lọ́kàn èèyàn; ẹni tí inú ẹ̀ tètè ń yí á ní bipolar lòun, àìsàn tí ara èèyàn fi ń yá gágá jù nígbà kan, tó sì ń rẹ̀wẹ̀sì jù nígbà míì. Lọ́dọ̀ dókítà, ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun gbọ́dọ̀ ti wà lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn bí àìróorunsùn àti àìlèjẹun, kó tó pè é ní depression. Bó ṣe wá di pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu gbogbo ayé, ọmọ tó ń ṣe lóòótọ́ á sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀, ìyá á ní, “Ṣebí gbogbo yín lẹ ní in lórí fóònù.” Ì bá jẹ́ ọdẹ orí ló pè é, tó ní nǹkan ń rìn lórí òun, tó ń ta òun lágbárí, màmá ì bá ti dìde.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Buhari buwọ́ lù lóṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní “lunatic,” ìyẹn wèrè. Òfin ti gbàgbé orúkọ yẹn, abẹ́ fídíò ò tíì gbọ́.

Oògùn ní tiẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ alábísínwín tó bá tètè rí ìtọ́jú ló ń gbádùn. Ní Àró l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó ń se oúnjẹ fún un. Ará abúlé ń rí i nígbà tó le, wọ́n sì ń rí i nígbà tó ń gbádùn. Fídíò ò ní apá kejì yẹn.

Bí wọ́n bá fẹjọ́ sun TikTok, ó lè yọ fídíò náà kúrò. Ti WhatsApp yàtọ̀. Sítétọ́ọ̀sì á pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, àmọ́ ẹni tó ti fi pamọ́ ti fi pamọ́. Láti ọdún 2020, ohun tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ò ṣeé fi ránṣẹ́ ju ẹnì kan tàbí gúrúùpù kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn ń dín eré ẹ̀ kù ni. Ọmọ ọjọ́sí á ti máa rìn, ìyá ẹ̀ á ti padà sídìí gaàrì ní Sábó. Oníbàárà á tọ́ gaàrì wò, á bi í ní iye tó ń tà á, á wo ojú ẹ̀, á tún wò ó, á ní òun ń bọ̀.