Páálí àti Àlùmọ́gàjí: Bí Ìrísí DNA Ṣe Dé Kíláàsì Girama

Bí tísà bàọ́lọ́jì bá pín páálí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó ní kí wọ́n gé A, T, G àti C, ìyẹn bésì mẹ́rin tó dà bí lẹ́tà, kí wọ́n sì tò wọ́n pọ̀ di DNA, èròjà inú ara tó gbé àbùdá ẹ̀dá, àwọn òbí kan á ní eré ọmọdé lásán ni. Wọn ò mọ̀ pé báyìí gan-an ni àwọn tó kọ́kọ́ mọ ìrísí rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe tísà kan ló mú páálí wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlú Cambridge ni, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí oṣù kejì ọdún 1953. James Watson, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, àti Francis Crick ń wá bí DNA ṣe rí ní ilé ìwádìí Cavendish. Wọ́n ti ní kí àwọn oníṣẹ́ irin bá wọn gé awẹ́ páànù tí yóò dúró fún bésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n páànù ò tètè dé. Watson ò lè dúró mọ́. Ó wá páálí líle, ó gé e sí ìrísí bésì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí tábìlì. Irú mọ́ irú ló ti ń so tẹ́lẹ̀: A mọ́ A, G mọ́ G. Jerry Donohue, onímọ̀ kẹ́místrì tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kan, ló sọ fún un pé ibi tí àwọn ìwé ìgbà náà fi háídírójìn sí lára bésì ò tọ̀nà. Watson gbọ́ràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ 28 oṣù náà, ó rí i pé A bá T mu, G bá C mu, ìbú ìsopọ̀ méjèèjì sì dọ́gba.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta nígbà náà tí Erwin Chargaff, onímọ̀ kẹ́místrì, ti kéde ní New York pé, nínú DNA ẹ̀dá yòówù tí òun bá wọ̀n, iye A máa ń sún mọ́ iye T, iye G sì máa ń sún mọ́ iye C. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó fà á, àfi ìgbà tí páálí jókòó síbi tó yẹ.

Ṣùgbọ́n páálí nìkan kọ́, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ kíláàsì máa ń fò kọjá. Ní oṣù kọkànlá 1951, Watson àti Crick ti to àwòṣe DNA kan tí kò dára rárá: okùn mẹ́ta ni wọ́n fún un, wọ́n sì kó fọ́sífeètì, ọ̀kan lára èròjà okùn náà, sáàárín. Rosalind Franklin wá láti King's College ní London, ó wò ó, ó sì sọ fún wọn pé irọ́ ni. Fọ́sífeètì máa ń fa omi mọ́ra. Ìta ló yẹ kó wà. Ọ̀gá wọn, Lawrence Bragg, ní kí wọ́n jáwọ́. Franklin ló ń fi X-ray ya àwòrán DNA, òun ló ní ìwọ̀n. Ní oṣù karùn-ún 1952, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Raymond Gosling ya àwòrán tí a mọ̀ sí Photo 51. Maurice Wilkins, tí òun náà wà ní King's College, fi han Watson ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, Franklin ò sì mọ̀. Bésì kan sí èkejì jẹ́ 0.34 nánómítà, ìyípo kan jẹ́ 3.4: mẹ́wàá ló wà nínú ìyípo kan nìyẹn. Nínú àkọsílẹ̀ Franklin náà ni Crick ti fòye gbé e pé okùn méjèèjì kọjú síra lódìlódì, ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀.

Àwòṣe DNA tí Watson àti Crick wá fi páànù àti ọ̀pá irin tò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Fọ́tò tí Antony Barrington Brown ya wọn níwájú rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé girama títí dòní. Franklin kò sí nínú rẹ̀. Ó kú ní 1958 lẹ́ni ọdún 37. Ní 1962, Watson, Crick àti Wilkins gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀rọ̀ náà ò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iléèwé. Rọ́ṣíà ló lé e débẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Nígbà tí Sputnik, sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà, gòkè ní oṣù kẹwàá 1957, jìnnìjìnnì bo Amẹ́ríkà, wọ́n sì tú owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 1958 wọ́n dá BSCS, àjọ tó ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì, sílẹ̀ ní Boulder, ní Colorado. Bentley Glass ni alága, Arnold Grobman ni olùdarí. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde fún girama ní 1963: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè, àti aláwọ̀ búlúù tó gbé mólékù, bíi DNA, ṣáájú. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn ò tíì ka èdè DNA tán nígbà náà. Ọdún 1961 ni Nirenberg àti Matthaei, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ inú èdè náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Nuffield bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1962, John Kendrew, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, sì kọ́ gbogbo ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n BBC ní 1964.

Lẹ́yìn náà ni oríṣiríṣi ọ̀nà dé. Àwọn kan máa ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi omi iyọ̀ àti ọṣẹ ìfọbọ́ pò ó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á rọra da sípírítì tútù sí i, okùn funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì léfòó. Ó dùn ún wò. Ohun tí Friedrich Miescher, ẹni tó kọ́kọ́ rí DNA, ṣe ní Tübingen, ní Jámánì, ní 1869 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i, àfi pé ọyún ara báńdéèjì ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi ìrísí han ẹnikẹ́ni.

Àwòrán àkàbà lílọ́ tí tísà ń yà sójú pátákó náà kò tó. Ọmọ á dà á kọ, á gboyè lórí rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé okùn kan dorí kodò. Ẹni tó gé páálí á mọ̀, torí T kò ní bá A mu títí yóò fi yí i padà. Bí ó bá wù mí, Chargaff ni mo máa kọ́kọ́ fún wọn: iye A, T, G, C inú oríṣiríṣi ẹ̀dá, láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni àlùmọ́gàjí.

Fún àwọn ọmọ tiwa, mo ní ohun tí mo máa fi kún un. Ilé ìwádìí Cavendish kan náà ni Vernon Ingram ti fi hàn, ní nǹkan bí 1956, pé amino acid kan ṣoṣo, ẹyọ tí a fi ń kọ́ purotéènì, ló yàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ A àti ẹ̀jẹ̀ S. Lórí DNA, A kan ló di T, nínú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ GAG. Jẹ́nótáìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀ nìyẹn, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Kí ọmọ náà yọ páálí A yẹn, kó fi T rọ́pò rẹ̀, kó sì pààrọ̀ èyí tó kọjú sí i pẹ̀lú.